Ẹ̀tọ́ Oorun Fún Ẹni Tó Ń Tọ́jú Arúgbó



Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò ló ń tọ́jú òbí arúgbó, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ òòjọ́. Ẹni tó ń lọ sí Ìkejà tàbí Ìdúmọ̀tà ní láti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Bí arúgbó bá tún jí i lẹ́ẹ̀mẹta lóru, oorun wo ló kù?

Ìtọ́jú òbí jẹ́ ọ̀ranyàn. Súúratul Isrá'i, áyà 23, fi í tẹ̀lé ìjọsìn fún Ọlọ́hun nìkan. Ṣùgbọ́n ara náà ní ẹ̀tọ́. Nígbà tí Abú Dardá'i fẹ́ fi gbogbo òru kírun, Salmán ní kó kọ́kọ́ sùn, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì fọwọ́ sí i.

Àwọn onímọ̀ ìlera ní ẹni tó ti dàgbà nílò oorun wákàtí 7, ó kéré tán. Àìsùntó ọlọ́jọ́ pípẹ́ máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà rìn. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà, tó jáde ní ọdún 2000, fi hàn pé ẹni tí kò sùn fún wákàtí 17 sí 19 ń ṣe bí ẹni tó mutí. Kí awakọ̀ ṣọ́ra.

Kí ni ṣíṣe?

1. Ẹ pín òru láàárín ọmọ ìyá. Ẹni tí kò sí nílé lè fowó gba olùtọ́jú.

2. Ẹ wádìí ohun tó ń jí arúgbó. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn máa ń mú ènìyàn tọ̀. Ẹ bi dókítà bóyá àárọ̀ ló yẹ kó máa lò ó. Ẹ má fi omi dù ú, ọ̀sán ni kó ti mu èyí tó pọ̀. Ẹ gbé póò sítòsí ibùsùn.

3. Oorun ọ̀sán, kailúlà, jẹ́ sunna. Ìṣẹ́jú 20 tó.

4. Ẹ má ra oògùn oorun fún arúgbó láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́. Ó lè mú kó ṣubú. Bí ó bá ṣàdédé ń ṣe ìrànrán, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan iṣẹ́ sàká wa. Ọmọ òrukàn mìíràn ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Bí ìyá bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ọmọ ni yóò máa jí lóru, yóò sì máa tòògbé ní kíláàsì tí a sanwó rẹ̀. A kì í fún òbí ẹni ní sàká, nítorí bùkátà wọn ti wà lọ́rùn ẹni. Ṣùgbọ́n aládùúgbò aláìní tó ń tọ́jú arúgbó wà lára àwọn tí Súúratu Taoba, áyà 60, kà sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá bẹ̀ wọ́n wò, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe sùn.

Kí Ọlọ́hun Ọba gbà á ní iṣẹ́ rere lọ́wọ́ wa. Àmín.