Ohun Tí Ọmọ Ń Fi Ojú Kọ́

Ní ọdún 1961, Albert Bandura àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí pẹ̀lú ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi 72. Wọ́n mú àwọn kan wọ yàrá tí àgbàlagbà kan ti ń lu bèbí tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Ó fi òòlù onígi gbá a lórí, ó jókòó lé e, ó fún un ní ẹ̀ṣẹ́ nímú, ó sì ń sọ̀rọ̀ líle sí i.

Kò sí ẹni tó ní kí àwọn ọmọ náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tó kan àwọn náà láti ṣeré, púpọ̀ nínú wọn lu bèbí bí wọ́n ṣe rí i gẹ́lẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ tún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sọ.

Nínú ìwádìí mìíràn tí Bandura gbé jáde ní 1965, fíìmù ló fi han àwọn ọmọ mìíràn. Àwọn tó rí i pé wọ́n fìyà jẹ ẹni tó lu bèbí kò fara wé e tó àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣèlérí ẹ̀bùn fún gbogbo wọn pé kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n rí, ìyàtọ̀ yẹn pòórá. Ibí gan-an ló yẹ kí òbí ti fura: ìwà tí ọmọ kò tíì hù lójú wa, ó lè ti kọ́ ọ tán.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Àyàn ṣe ń di onílù. Á tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sóde àríyá, á máa lu omele, ojú rẹ̀ á sì wà lára ọwọ́ tó ń fún ọ̀sán ìyáàlù. Bàbá a máa tọ́ ọ sọ́nà bó bá ṣì í lù, àmọ́ wíwò ló pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ náà.