Ta Ni Yóò Tọ́jú Ìyá Ẹni Tó Ń Tọ́jú Ìyá Ẹlòmíràn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Láyé àtijọ́, òwe yìí kò nílò àlàyé. Ẹni tó bímọ mọ̀ pé lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn bá tẹ̀, tí ojú kò sì ríran dáadáa mọ́, ẹnìkan yóò wà nínú agbo ilé tí yóò gbé omi gbígbóná sí balùwẹ̀ fún òun. Lóde òní, òkété ti dàgbà ní ilẹ̀ Jàpáànì, ní Ítálì àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tí yóò fún un lọ́mú kò sì tó. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ pọ̀, síbẹ̀ àwọn òkété tiwa náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá gbé. Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe wá rí báyìí? Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn, ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ibì kan ń kún, ibì kan ń gbó

Ní ọjọ́ 15, oṣù kọkànlá, ọdún 2022, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé iye ènìyàn tó wà láyé ti pé bílíọ̀nù 8. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé ibi gbogbo ni ènìyàn ti ń pọ̀ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Jàpáànì, iye ènìyàn tó sún mọ́ mílíọ̀nù 128 ní ọdún 2010 ti wálẹ̀, kò pé mílíọ̀nù 125 mọ́. Nínú ènìyàn mẹ́wàá níbẹ̀, bíi mẹ́ta ló ti pé ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Oji Holdings kéde pé òun kò ní ṣe ìlédìí ọmọ ọwọ́ fún ọjà Jàpáànì mọ́, pé ìlédìí àwọn àgbàlagbà ni òun yóò gbájú mọ́. Kí iye ènìyàn ìlú kan tó lè dúró bó ṣe wà láìsí àlejò, obìnrin kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa bí ọmọ tó lé díẹ̀ ní méjì, bí a bá pín in dọ́gba. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales lónìí, kò pé ọmọ kan àtààbọ̀.

Ẹ wá wo tiwa. Ní ọdún 1950, ìṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi hàn pé àwọn ènìyàn Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 37. Ìkànìyàn ọdún 2006 sọ pé a ti lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 140. Lónìí, ìṣirò ní a ti kọjá mílíọ̀nù 220, àti pé bí ìdajì wa ni kò tíì ju ọmọ ọdún 18 lọ. Mo pè é ní ìṣirò nítorí pé ìjọba kò tíì ka orí ènìyàn láti ọdún 2006. Wọ́n múra láti kà á ní ọdún 2023, wọ́n sì sún un síwájú. Kódà, iye ti ọdún 2006 náà fa àríyànjiyàn: ó ní àwọn ará Ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ mílíọ̀nù 9, ṣùgbọ́n ìjọba Ìpínlẹ̀ náà ní mílíọ̀nù 17 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni òun kà. Ìyá tí kò mọ iye ọmọ tó wà nílé, báwo ni yóò ṣe mọ iye òkèlè tí yóò bù?

Ilẹ̀kùn kò ṣí lásán

Bí ìlú kan bá ń gbó, tí òmíràn sì ń kún, kò yẹ kí ó yani lẹ́nu pé àwọn ènìyàn ń ti ọ̀dọ̀ èyí lọ sọ́dọ̀ èkejì. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹfà, ọdún 1948, ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush gúnlẹ̀ sí Tilbury pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn ará Jàmáíkà àti àwọn erékùṣù tó yí i ká. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 5, oṣù keje, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ètò ìlera NHS sílẹ̀. Ogun ti ba ìlú jẹ́, òṣìṣẹ́ kò tó, wọ́n sì ránṣẹ́ sí àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso pé kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ Yorùbá náà lọ ní àwọn ọdún 1950 àti 1960. Ọ̀pọ̀ wọn kàwé tán, wọ́n sì padà sílé, nítorí pé iṣẹ́, ilé àti iyì ń dúró dè wọ́n.

Lóde òní, ìlú tí wọ́n ń padà sí nígbà náà ni àwọn ọmọ wọn ń sá kúrò nínú rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá, ó máa ń dùn mí pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí èdè wa lè fi ta gbogbo Nàìjíríà lọ́rẹ, "jápa" ni ó mókè. Hausa ń sọ ọ́, Ìgbò ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ẹni tó jápa kò rìnrìn-àjò, ó sá àsálà ni. Àwọn bàbá wa tó lọ sí Ìlú Ọba lọ́dún 1955 kò jápa. Àjò ni wọ́n lọ, àjò kì í sì í dùn kí onílé má relé.

Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà físà fún àwọn tó fẹ́ wá tọ́jú arúgbó nílé ìtọ́jú. Àwọn ènìyàn wa tú jáde. Ẹni tó jẹ́ olùkọ́ lọ, òṣìṣẹ́ báńkì lọ, ẹlòmíràn ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kí owó tí aṣojú ń béèrè lè pé. Láàárín oṣù méjìlá kan tó parí ní ọdún 2023, iye àwọn tó wọ ìlú náà fi ohun tó lé ní 900,000 ju iye àwọn tó jáde lọ, láti gbogbo orílẹ̀-èdè ayé. Ariwo ta. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, wọ́n ní ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wá mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn olùtọ́jú arúgbó. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pa fún àwọn olùtọ́jú tó ń bọ̀ láti òkè òkun.

A ti jẹ́ àlejò, a sì ti lé àlejò

Kí a tó bínú sí òyìnbó, ẹ jẹ́ kí a rántí ìtàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn. Àwọn oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho, Ìlọrin àti Ọ̀ffà, tí àwọn mìíràn nínú wọn ti bí ọmọ àti ọmọ-ọmọ síbẹ̀, padà sí ìlú tí àwọn ọmọ náà kò mọ̀ rí. Ọdún mẹ́rìnlá kò pé tí ó kan àwa. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, nígbà tí owó epo ti wálẹ̀, ìjọba Shehu Shagari fún àwọn àlejò ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Gánà tó lé ní mílíọ̀nù kan ló lọ. Àpò onílà tí wọ́n di ẹrù sí ṣì ń jẹ́ "Ghana Must Go" lọ́jà wa títí di òní.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìlú tó gba àlejò kì í fẹ́ràn àlejò, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó fẹ́ràn. Bí ọrọ̀ ajé bá le, àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ ń nawọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀sùn wọn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Bí ènìyàn bá pọ̀ sí i kíákíá ní ìlú tí kò kọ́ ilé tuntun tó, owó ilé yóò gbówó lórí, ilé-ìwé yóò kún, èrò yóò sì gùn níwájú dókítà. Ṣùgbọ́n àlejò yẹn kan náà ló ń san owó orí tí wọ́n fi ń san owó ìfẹ̀yìntì àwọn arúgbó, owó ilé-ìwé rẹ̀ ló ń gbé yunifásítì wọn ró, ọwọ́ rẹ̀ ló sì wà lára aláìsàn lóru.

Ta ni ó jèrè?

Àwọn kan máa ń sọ pé kí ẹni tó bá fẹ́ lọ máa lọ, ó ṣe tán, a ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Àwọn ọmọ tí a ń bí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún lé ní mílíọ̀nù 7. Ká ní gbogbo àwọn 900,000 tó kún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún tí ó ga jù yẹn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, wọn kò tó ìdá kan nínú méje àwọn ọmọ tí a bí. Jíjápa kò lè dín wa kù. Ohun tó lè ṣe ni pé yóò ṣa ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo tó gbó jù lọ nínú oko.

Ní ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, mínísítà fún ètò ìlera nígbà náà, sọ pé àwọn dókítà tó lé ní 16,000 ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje, àti pé kíkọ́ dókítà kan ń ná ìlú ní ohun tó lé ní 21,000 dọ́là. Ẹni tó tálákà ló ń rán ọmọ olówó níléèwé! Àjọ Ìlera Àgbáyé mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí Nàìjíríà fi wà lára orílẹ̀-èdè 55 tí àjọ náà ní kí wọ́n má ṣe wá kó òṣìṣẹ́ ìlera wọn. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó de ẹni tó fúnra rẹ̀ kọ̀wé béèrè iṣẹ́.

Apá kejì wà, n kò ní fi pamọ́. Owó tí àwọn ènìyàn wa ń fi ránṣẹ́ sílé lọ́dọọdún tó nǹkan bí ogún bílíọ̀nù dọ́là. Òun ló ń san owó ilé-ìwé, òun ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òun ló sì ń kan òrùlé. Ní Èjìgbò, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń lọ sí Abidjan láti ìran dé ìran, ilé tí owó àjò kọ́ wà káàkiri, ẹ ó sì gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu ọmọ oníṣòwò. Àjò lè tún ilé ṣe, bí ọ̀nà àbọ̀ bá ṣí sílẹ̀.

Okùn ìtọ́jú

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ kàwé. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sọ fún mi pé ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó máa ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pe òun bí òun bá ń wẹ̀ fún un, pé òun sì máa ń jẹ́ ẹ. Ìyá tí ó bí ọ̀rẹ́ mi yìí wà ní Ìbàdàn, orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn mọ́. Nígbà tí mo lọ kí wọn, ọmọbìnrin kan láti ilẹ̀ Tógò ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Òun ló ń dáná, òun ló ń fi òróró ra orúnkún màmá, owó tó ń wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń san owó oṣù rẹ̀. Mo bi í léèrè pé, "Ta ló wà lọ́dọ̀ màmá tìrẹ?" Ó ní àbúrò òun tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ni.

Mo ronú títí nígbà tí mo kúrò níbẹ̀. Okùn kan ṣoṣo ló so ìyá òyìnbó yẹn mọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Tógò. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹni tó lówó díẹ̀ ra àkókò ọmọ ẹni tí kò ní tó o. Yorùbá ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ yìí kò mọ òwe. Níbi tí ìdí ìyá wọn wà, ìlẹ̀kẹ̀ kò sí lọ́jà ni.

Kí ni kí a ṣe?

Ní ti ìjọba, ohun tó ń dín ọmọ bíbí kù láìfipá mú ẹnikẹ́ni kò farasin. Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2018 fi hàn pé obìnrin tí kò lọ sílé-ìwé rárá ń bí ju ọmọ mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n èyí tó kàwé kọjá girama ń bí bíi mẹ́ta àti díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí òwe "ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ" má ṣẹ mọ́ wa lára, kí ó fi ọmọbìnrin sílé-ìwé, kí ó sì jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Ó sì yẹ kí àwọn ilẹ̀ tó ń gba dókítà àti nọ́ọ̀sì wa bá wa dá sí owó tí a fi ń kọ́ wọn. Ẹni tó ń jẹ èso igi kò gbọdọ̀ kọ̀ láti bu omi sí ìdí rẹ̀.

Ní ti àwa ọ̀dọ́, n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má lọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹbí jókòó kí físà tó jáde, kì í ṣe lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbéra. Kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò fẹnu kò lórí ẹni tí yóò máa mú ìyá lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń fowó ránṣẹ́, tí ẹlòmíràn sì ń fi ara rẹ̀ sìn, ẹrù tó dọ́gba ni àwọn méjèèjì ń rù, kí ẹnikẹ́ni má fojú di ẹnì kejì. Kí a má ta ilẹ̀ ẹbí lé orí ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Bí ẹ bá sì gba ọmọ ọlọ́mọ síṣẹ́ láti tọ́jú òbí yín, ẹ san owó rẹ̀ pé, ẹ fún un láyè láti máa lọ wo ìyá tirẹ̀. Àwa tí a mọ bí àlejò ṣe ń rí nílé onílé, ọ̀dọ̀ wa ni ó yẹ kí àlejò ti rí ìsinmi.