Gàrí, Sùúrù àti Ìlera Iṣan Ara

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbé inú ọgbà ilé-ìwé yìí rí tí kò mọ iyì gàrí. Òun ni ó ń gba ọmọ sílẹ̀ nígbà tí owó àpò bá tán, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ òbí wa ní Ajùwọ̀n fi ń bọ́ ilé. A kò kọ àpilẹ̀kọ yìí láti ba oúnjẹ náà lórúkọ jẹ́. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni bí oúnjẹ, àti ọ̀nà tí a gbà ṣe é, ṣe lè kan àwọn iṣan tí ń gbé ìròyìn láàárín ọpọlọ àti gbogbo ara.

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àìsàn multiple sclerosis wà lára àwọn tó ń ba irú iṣan bẹ́ẹ̀ jẹ́. Àwọn onímọ̀ ka sìgá mímu, àìtó oòrùn lára àti kòkòrò àrùn Epstein-Barr mọ́ ohun tí ń dá kún un. Àìsàn yẹn kò wọ́pọ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí ó mọ ilé wa: ẹsẹ̀ á máa jóni tàbí kí ó kú tipiri, ìrìn á di títa gọ̀ọ́gọ̀ọ́, pàápàá nínú òkùnkùn, ojú á máa ṣú, etí á sì máa di.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1930, Dókítà Moore kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ìwé kíkà di ìṣòro fún nítorí ojú tó ń ṣú. Ó fura sí àìpé oúnjẹ wọn. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun dé, ọmọ Òkèmẹ̀sí tí wọ́n bí ní 1935, tí ó kàwé ní Christ's School, Adó-Èkìtì. Ní ilé-ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, ó fara balẹ̀ yẹ àwọn aláìsàn yìí wò, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1968. Ẹ̀gẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé ara lé, ẹ̀jẹ̀ wọn sì kún fún táíósáyánétì, ohun tí ara máa ń sọ májèlé sáyánáìdì dà.

Báwo ni májèlé ṣe dé inú ẹ̀gẹ́? Ẹ̀gẹ́ tútù ní èròjà kan nínú tí ń tú sáyánáìdì sílẹ̀ nígbà tí a bá rin ín. Bí a bá fi í sílẹ̀ kí ó kan, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a sì yan án dáadáa, ọ̀pọ̀lọpọ̀ májèlé náà á bá omi àti ooru lọ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ara á fi èròjà inú ẹyin, ẹja, ẹran àti ẹ̀wà pa agbára rẹ̀. Bí a bá kánjú ṣe gàrí, tí a sì ń jẹ ẹ́ láìsí amúaradàgbà, ọ̀nà méjèèjì ti dí nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mòsáńbíìkì ní 1981 jẹ́ ẹ̀rí. Ọ̀dá dá, ebi sì mú kí àwọn ènìyàn má lè dúró kí ẹ̀gẹ́ kíkorò jinlẹ̀. Ènìyàn tó lé ní 1,000 ni ẹsẹ̀ wọn rọ lójijì. Obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù.

Nítòsí wa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, Dókítà Oluwole àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní 2000 lórí ìlú Òsósà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ènìyàn 206 ni wọ́n bá àìsàn Ọ̀ṣúntókun yìí lára, ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Ti obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọkùnrin. Ó yẹ kí a sọ pé ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn èyí gbé iyèméjì dìde bóyá sáyánáìdì ni ó fa ti Òsósà. Àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ kò tíì parí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jiyàn pé májèlé ni sáyánáìdì.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí wa, ẹ ra gàrí lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀ pé kì í kánjú. Bí ẹ bá ń di ẹrù ọmọ padà sí ilé-ìwé, ẹ fi ẹ̀pà, ẹ̀wà tàbí ẹja gbígbẹ tì í. Bí ẹsẹ̀ àgbàlagbà ilé bá sì ń kú tipiri, tí ìrìn rẹ̀ ń yí padà, ẹ má sọ pé àwọn ayé ni, ẹ má sì fi àdúrà dípò àyẹ̀wò. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ó tó pẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, gàrí pàápàá wà nínú rẹ̀.