Abẹ́rẹ́ tó ń sọ orobó di lẹ́pa: ẹ má gbà á láìrí dókítà

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí èèyàn bá rù díẹ̀, wọn kì í kí i kú oríire. Ìbéèrè ni wọ́n máa fi pàdé ẹ̀: "Ṣé kò sí o? Àbí ara ẹ ò yá ni?" Ìyàwó tuntun tó bá ń sanra, wọ́n á ní ọkọ ẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀. Ọkùnrin tó bá yọ ikùn, wọ́n á ní owó ti dé. Ṣùgbọ́n nǹkan ti ń yí padà. Láti Balógun dé Ìdúmọ̀tà, ẹ lè gbọ́ kí èèyàn máa dárúkọ Ozempic bí ẹni ń dárúkọ Panadol. Wọ́n ti rí i lórí TikTok, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa bá wọn rà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: abẹ́rẹ́ náà ń ṣiṣẹ́. Kò dà bíi tíì tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò, tó jẹ́ pé ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà, tí omi ara á lọ, tí ọ̀rá á sì jókòó síbi tó wà. Àmọ́ abẹ́rẹ́ nìkan kọ́ ni ìtọ́jú yìí. Dókítà tó ń ṣọ́ èèyàn wà lára ìtọ́jú náà, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò kọjá.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Tí a bá jẹun tán, ìfun wa máa ń tú èròjà kan jáde tí wọ́n ń pè ní GLP-1. Òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ti tó. Ó tún ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ díẹ̀ nínú ikùn, ó sì ń ran ara lọ́wọ́ láti tú insulin jáde nígbà tí ṣúgà bá gòkè. Èyí tí ara wa ń ṣe fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ tó fi ń pòórá. Semaglutide, oògùn tó wà nínú Ozempic àti Wegovy, ń ṣe bíi GLP-1 yìí, ṣùgbọ́n òun máa ń pẹ́ lára. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gún un.

Iléeṣẹ́ Novo Nordisk ní Denmark ló ń ṣe é. Àtọ̀gbẹ, ìyẹn ìtọ̀ ṣúgà, ni Amẹ́ríkà tìtorí ẹ̀ fọwọ́ sí Ozempic ní 2017. Ọdún 2021 ni wọ́n tó fọwọ́ sí Wegovy fún ìsanra àpọ̀jù. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2021 yẹn, èèyàn 1,961 ló kópa fún ọ̀sẹ̀ 68. Àwọn tó gba oògùn gidi pàdánù nǹkan bíi kílò 15 nínú kílò 100 tí wọ́n ní. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú kò pàdánù tó kílò mẹ́ta. Gbogbo wọn pátá ni wọ́n sì ń gbà nímọ̀ràn lórí oúnjẹ àti eré ìdárayá.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá sanra díẹ̀ ló wà fún. Ẹ mú ìwọ̀n ara yín ní kílò, kí ẹ fi gíga yín ní mítà pín in lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin tó wọn kílò 80, tó ga ní mítà 1.60, máa rí nǹkan bíi 31. Láti 30 sókè ni àwọn dókítà ń pè ní ìsanra àpọ̀jù. Ẹni tó bá wà ní 27 sókè, tó tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, dókítà lè gbé tiẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹni tó kàn fẹ́ kí léèsì òde Sátidé bá òun mu, tirẹ̀ kọ́ nìyí.

Kí ni dókítà ń ṣọ́?

Ó ń ṣọ́ ìwọ̀n oògùn. Miligíráàmù 0.25 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ Wegovy, wọ́n á máa fi kún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, ó sì máa ń tó oṣù mẹ́rin kí èèyàn tó dé 2.4. Ẹni tó bá fẹ́ tètè rù tó gún èyí tó pọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èébì ló ń wá. Kódà ẹni tó ṣe é bó ṣe yẹ, inú lè máa rìn ín, ó lè yàgbẹ́ gbuuru tàbí kí ìgbẹ́ há a.

Dókítà máa fẹ́ mọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò. Ẹni tó ń lo Daonil tàbí insulin fún àtọ̀gbẹ, tó wá fi èyí kún un fúnra rẹ̀, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì títí tó fi máa dákú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn àgbo jẹ̀dí náà, ẹ dákun, ẹ má fi pa mọ́ fún dókítà: èébì lókè, ìgbẹ́ nísàlẹ̀, omi ara á tán, kíndìnrín ló sì máa jìyà ẹ̀. Ẹni tó lóyún kò gbọdọ̀ lò ó, ẹni tó ń múra àtilóyún sì gbọ́dọ̀ ti fi sílẹ̀ fún oṣù méjì ó kéré tán. Bákan náà ni ẹni tí irú jẹjẹrẹ thyroid kan wà nínú ìdílé rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba ààwẹ̀ Ramadan, kó kọ́kọ́ bá dókítà sọ ọ́. Tí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń fún yín ní oògùn oorun mọ̀, torí oúnjẹ àná lè ṣì wà nínú ikùn.

Èwo ni gidi?

Lóṣù kẹwàá 2023, àwọn èèyàn dèrò ọsibítù ní orílẹ̀-èdè Austria lẹ́yìn tí wọ́n gún ayédèrú Ozempic. Ìfura àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ni pé insulin ló wà nínú ẹ̀. Lóṣù kẹfà 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kígbe síta nípa ayédèrú rẹ̀ tí wọ́n rí ní Brazil, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà.

Àwa náà mọ tiwa. Lóṣù kejì 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa, pẹ̀lú ti Ọ̀nítṣà àti Àbá, nítorí ayédèrú, oògùn tí ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀, àti èyí tí wọn kò tọ́jú síbi tó yẹ. Wọ́n ti ṣí ọjà náà padà. Kì í ṣe gbogbo oníṣòwò ibẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ibi o. Àmọ́ inú fíríìjì, ní ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius, ló yẹ kí abẹ́rẹ́ yìí wà kí wọ́n tó ṣí i, tó bá sì ti di yìnyín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ tà á fún yín lórí WhatsApp: níbo ni oògùn yìí sùn lálẹ́ àná tí wọ́n mú iná lọ? Ilé oògùn tó ní ìwé àṣẹ, tó ní onímọ̀ oògùn, ni kí ẹ ti rà á, pẹ̀lú ìwé dókítà lọ́wọ́, kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí rẹ̀.

Ẹ ṣírò owó náà dáadáa, torí kì í ṣe oògùn oṣù kan. Nígbà tí àwọn kan lára àwọn tó kópa nínú ìwádìí yẹn dáwọ́ dúró, láàárín ọdún kan, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n ti pàdánù ló padà sára wọn. Kì í sì í ṣe ọ̀rá nìkan ló ń lọ, iṣan náà ń lọ pẹ̀lú ẹ̀. Nítorí náà, bí oúnjẹ bá tiẹ̀ kéré, kí ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà wà nínú ẹ̀, kí ẹ sì máa rìn.

Ẹni tí kò mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀ lè lọ sí ọsibítù ìjọba tó wà ní Odán, kó ní kí wọ́n wọn òun, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà òun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti ń gún un lọ́wọ́: tí inú bá ń run yín gidigidi tí kò dáwọ́ dúró, tó ń gún yín dé ẹ̀yìn, tàbí tí ẹ ń bì tí omi kò dúró nínú, ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún yín. Ọsibítù ni kí ẹ forí lé lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì mú páálí oògùn náà dání.