Katakata Kékeré Nínú Agbo Ilé: Ohun Tí Ó Gbà Wá Lọ́wọ́ Iná, Àti Ohun Tí Ó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gbà Lọ́wọ́ Wa

Ẹni tí ó bá ti gbé ní ìgbèríko Ṣábẹ̀ẹ́ nígbà ọyẹ́ mọ̀ pé òórùn èéfín ni ó sábà máa ń jí ènìyàn lójú oorun. Tí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, koríko tí ó ga ju orí ènìyàn lọ ti gbẹ. Ọdẹ a finá sí i, darandaran a finá sí i, àgbẹ̀ tí ó ń tún oko ṣe a finá sí i. Afẹ́fẹ́ a sì gbé iná náà lọ sí ibi tí ẹni tí ó dá a kò rò. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, irú iná bẹ́ẹ̀ wọ oko kajú tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa lẹ́yìn ilé. Igi tí a ti ń ká èso rẹ̀ láti kékeré di èédú ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ogún ìṣísẹ̀ péré ni ó kù kí iná náà dé ilé ìdáná ìyá wa.

Nígbà tí a pé jọ lẹ́yìn náà, gbogbo wa gbà pé ìdènà iná ni a nílò: ilẹ̀ fífẹ̀ tí a ti gé koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀ yí ilé àti oko ká. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gé e? Láyé bàbá wa, ọ̀wẹ̀ ni wọn ì bá fi ṣe é ní ọjọ́ méjì. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí Kùtọnu, Parakou àti Èkó. Àwọn tí ó kù nílé ni ẹ̀yìn ti ń dùn. Èyí ni ó mú kí àwa ọmọ bàbá kan náà dá owó jọ láti ra katakata kékeré kan tí wọ́n ti lò rí, tí ó ti òkè òkun gba èbúté Kùtọnu wọlé.

Kí ni katakata kékeré? Tracteur ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ń ro oko ńláńlá. Tiwa ní agbára ẹṣin 18, gasoil ni ó ń mu, ó sì lè gba àárín igi kajú méjì kọjá. Oko ìrẹsì àwọn ará Japan kì í tóbi, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọgbọ́n tí ó mú un wúlò wà lẹ́yìn rẹ̀: apá irin mẹ́ta, méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, tí a fi ń so irinṣẹ́ mọ́ ọn, tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sì ń gbé e sókè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀. Harry Ferguson, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ni ó sọ ọgbọ́n yìí di ohun tí ayé ń lò. Láti ọdún 1946 ni katakata kékeré rẹ̀, TE20, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín àwọn apá náà ni ọ̀pá kan wà tí ó máa ń yí ní ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan. Òun ni ó ń mú abẹ ìgékoríko ṣiṣẹ́.

Oṣù Kọkànlá ni a máa ń gé ìdènà iná, kí koríko tó gbẹ tán. Ẹ má ṣe dúró de ọyẹ́: bí abẹ irin bá kọlu òkúta nínú koríko gbígbẹ, iná tí a ń sá fún ni a ó fi ọwọ́ ara wa dá. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ ilé kò tán. Ẹ̀rọ náà ń gbé igi ìdáná, ó ń kó iṣu wálé, ó ń ru yanrìn fún àwọn bíríkìlà, ó ń fa ilẹ̀ pupa sí kòtò tí òjò gbẹ́ sí ojú ọ̀nà wa. Omi tí ìyá wa àti àwọn ọmọbìnrin ilé ń fi orí rù ti di ohun tí a ń fi àgbá gbé.

Omi yìí náà ni ó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, gbé àgbá omi márùn-ún sórí remorque. Àgbá kan gba lítà 200. Márùn-ún jẹ́ lítà 1000, ìyẹn tọ́ọ̀nù kan, katakata wa fúnra rẹ̀ kò sì wúwo tó bẹ́ẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin jókòó sórí irin tí ó bo táyà. Bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ sí ilé, ọmọkùnrin náà rí i pé ẹrù ń ti òun, ó sì tẹ embrayage. Ẹ̀rọ kò di táyà mú mọ́, ẹrù sì gba ìjọba. Ó tẹ ìjánu. Ṣùgbọ́n ìjánu katakata pín sí méjì, ọ̀kan fún táyà ọ̀tún, ọ̀kan fún ti òsì, a kò sì tíì so wọ́n pọ̀. Táyà kan ṣoṣo ni ó dúró. Ẹ̀rọ yí bìrí wọ inú kòtò, omi dànù, ọmọbìnrin náà ṣubú sínú koríko, apá rẹ̀ sì ṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ iwájú táyà ni ó ṣubú sí, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ lónìí.

Ẹ̀bi náà, tiwa ni. A ti kọ́ ọmọ náà bí a ṣe ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. A kò kọ́ ọ bí a ṣe ń dá a dúró. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì kò rántí kọ́ ọmọ inú ilé wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ gba èyí lọ́wọ́ wa. Ìjókòó kan, ènìyàn kan: ọmọdé kò gbọdọ̀ gun katakata láéláé. Ẹ so ìjánu méjèèjì pọ̀ kí ẹ tó bọ́ sójú ọ̀nà. Kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ ti wọ vitesse kékeré, ẹ má sì ṣe fọwọ́ kan an tàbí tẹ embrayage títí ẹ ó fi dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ń wọ́ ìtì igi, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ so ó mọ́. Ẹni tí ó so ó sókè, ẹ̀rọ lè dìde kí ó sì dà á sẹ́yìn. Ọ̀pá tí ó ń yí ní ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan ń yí ní ìgbà mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú-àáyá kan: etí ìró tàbí ọwọ́ bùbá tí ó bá kàn án, kò ní jẹ́ kí ènìyàn pariwo lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tó súnmọ́ ọn. Bí ẹ bá sì ń rà á, ẹ wo ẹ̀yìn ìjókòó bóyá irin ààbò wà níbẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ tẹ awakọ̀ pa bí ó bá dojú dé. Láti ọdún 1959 ni ilẹ̀ Sweden ti sọ ọ́ di dandan lára katakata tuntun. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wa kò ní in.

Àwọn àgbà kan bẹ̀rù pé katakata yóò pa ọ̀wẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ẹ̀rọ ń gé ibi tí ó tẹ́jú, ṣùgbọ́n ìdí igi àti àárín òkúta, àfi ọkọ́ àti àdá. Nítorí náà àwọn aládùúgbò ń wá, àwa náà sì ń gé ààlà oko tiwọn. Wọ́n ń mú gasoil wá, ìyá wa ń gún iyán. Ní ọyẹ́ tó kọjá, iná tún dé. Ó jó títí dé ibi tí a gé, ó wá nǹkan jẹ, kò rí, ó sì kú síbẹ̀.

Apá ọmọbìnrin náà ti san. Ní báyìí, kò sí ẹni tí ó ń ṣíná sí ẹ̀rọ náà kí ó tó lọ wo ẹsẹ̀ ìjánu, kí ó sì sọ pé: “Ó ti so pọ̀. Ẹ lè máa lọ.”