Ọmọ IT nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀ṣọ́ ilé: Èrè wà níbẹ̀ fún ọ̀gá tó bá mọ̀ ọ́n lò

Lọ́dọọdún, bí àkókò bá ti tó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ladoke Akintola, LAUTECH, tí púpọ̀ nínú wọn ń gbé ní Under G nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, máa ń mú lẹ́tà dání kiri ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n ti máa ṣe IT. Àwọn tó ń kọ́ nípa yíya àwòrán ilé àti àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà wà lára wọn. Irú àwọn ọmọ yìí ló yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ inú ilé máa sáré gbà, ìyẹn ẹ̀yin tí ẹ ń rán kọ́tìnnì, tí ẹ ń lẹ wallpaper, tí ẹ ń ṣe P.O.P., tí ẹ sì ń bá onílé to àga. Ṣùgbọ́n èsì tí púpọ̀ nínú wọn ń gbà kò ju méjì lọ. Yálà kí ọ̀gá ní òun ò lówó oṣù tí òun máa san, tàbí kó gbà á, kó sì sọ ọ́ di ọmọ tó ń lọ ra omi.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù yẹn la fẹ́ kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà. Ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ Industrial Training Fund, ITF, sílẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1973, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES tí gbogbo wa ń pè ní IT, torí pé àwọn tó ń jáde nílé ìwé nígbà náà mọ ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò mọ iṣẹ́. Oṣù mẹ́fà ni ti ọmọ yunifásítì, oṣù mẹ́rin ni ti ọmọ poli tó wà ní ND. Ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń retí owó tí ètò náà là kalẹ̀ fún un, kì í ṣe ọwọ́ ọ̀gá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ₦2,500 lóṣù ni owó ọ̀hún, tó jẹ́ ₦15,000 fún oṣù mẹ́fà, ọmọ sì lè ti padà sí kíláàsì tipẹ́ kó tó rí i gbà. Nítorí náà, ọ̀gá tó bá lè fún ọmọ lówó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán ti ṣe ohun tó pọ̀. Ẹni tí kò bá fún un ní nǹkan kan rárá, kó má ṣe yà á lẹ́nu bí ọmọ náà bá ń dé ní aago mọ́kànlá.

Ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá kò le. Á fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé òun gba ọmọ náà, á máa yẹ ìwé logbook rẹ̀ wò, níbi tí ọmọ ń kọ iṣẹ́ òòjọ́ sí, á sì gba olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ITF tó bá wá wo ọmọ lẹ́nu iṣẹ́ lálejò. Nígbẹ̀yìn, á bá a kọ tirẹ̀ sínú Form 8. Ó tán.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí ọmọ náà ṣe lè mówó wọlé, tàbí kó má jẹ́ kówó ṣòfò, èyí tó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká mú un pé akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ ṣọ́ọ̀bù yín lọ́jọ́ Ajé. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya ilé, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan aṣọ kọ́tìnnì rí. Ẹ̀yin ní tiyín, ojú lásán lẹ fi ń wo yàrá tí ẹ fi ń mọ iye yáàdì tó máa gbà. Ó dà bíi pé ẹ̀yin nìkan lẹ ní nǹkan tí ẹ máa kọ́ ọ, àbí? Rárá o.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ wallpaper. Róòlù tó wọ́pọ̀ lọ́jà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 53, ó sì gùn ní mítà 10. Ká ní ògiri kan fẹ̀ ní mítà 4, tó ga ní mítà 2.7. Bí ọmọ bá fi ìṣirò kíláàsì nìkan ṣe é, á sọ fífẹ̀ di púpọ̀ ní ọ̀nà gíga, á rí 10.8, á fi 5.3 tí róòlù kan jẹ́ pín in, á ní róòlù 2 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, á sì lọ ra 2. Kò lè tó. Ọ̀já-ọ̀já ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ògiri yẹn máa gba ọ̀já 8, róòlù kan ò sì lè mú ju ọ̀já 3 jáde, torí èyí tó ṣẹ́kù nínú mítà 10 kò ga tó ògiri mọ́. Róòlù 3 nìyẹn. Bí òdòdó ara rẹ̀ bá tún tóbi, tó jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ mú un bára mu, èyí tó máa ṣòfò á tún lé sí i. Ẹni tó bá padà sọ́jà lọ ra ẹyọ kan tó kù lè má rí nọ́ńbà tó bá ti àkọ́kọ́ mu lára páálí rẹ̀, àwọ̀ á wá yàtọ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ojú oníbàárà máa lọ tààrà.

Ọ̀gá mọ gbogbo èyí. Àmọ́ orí rẹ̀ ló wà, kò sí lórí ìwé. Bí ara ọ̀gá ò bá yá, tàbí tó bá lọ sí Ìbàdàn lọ rajà, iṣẹ́ dúró nìyẹn, àbí kí ọmọṣẹ́ fi àbá ṣe é kó sì bà á jẹ́. Ibí yìí ni ọmọ IT ti wúlò jù lọ, torí pé logbook ti fi dandan lé e pé kó kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Iye róòlù tí ògiri gbà, iye yáàdì tí fèrèsé jẹ, ọjọ́ tí télọ̀ fi rán an, gbogbo rẹ̀ á wọ inú ìwé. Fún àpẹẹrẹ, fèrèsé ẹsẹ̀ bàtà 6, tí irin kọ́tìnnì bá yọ díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ti di 7. Kí aṣọ tó lè ṣẹ́ dáadáa, ìlọ́po méjì ni wọ́n ń rà, ó di ẹsẹ̀ bàtà 14, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yáàdì 5, bó bá jẹ́ aṣọ tó fẹ̀ tó láti òkè fèrèsé dé ilẹ̀. Ọmọ tó bá ti kọ èyí fún fèrèsé ogún ti ṣe tábìlì ìwọ̀n tí ṣọ́ọ̀bù máa lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ ní kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan fún yín.

Àwòrán tún wà níbẹ̀. Oníbàárà ń sanwó yàrá tí kò tíì rí. Bí ọmọ IT bá yà á sórí kọ̀ǹpútà, tó fi bí àga ṣe máa wà àti àwọ̀ ògiri hàn án, oníbàárà á yí ọkàn padà lórí ìwé, níbi tí kò ti sí owó tó máa bá a lọ. Aṣọ tí wọ́n ti gé, ta ló máa gbà á padà?

Àwọn tó ń ṣòwò ní Under G náà kò ní gbàgbé ọdún 2016 sí 2017, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ti LAUTECH pa fún oṣù bíi mélòó kan, tí àdúgbò dá páropáro. Ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé kọ́tìnnì yàrá akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń tà, irú àkókò bẹ́ẹ̀ ló ń pa á. Àwòrán tó dára ló ń gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ onílé, onílé ìtura àti ìjọ tó ń kọ́ ilé ìjọsìn. Ọmọ tó kọ́ iṣẹ́ ọnà sì lè rántí ohun tí àwa ti gbójú kúrò lára rẹ̀: igbá fínfín àti tìmùtìmù awọ láti Ọ̀yọ́, aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn tí wọ́n lè fi rán ìrọ̀rí àga. Kò pọn dandan kó jẹ́ ọjà òkè òkun la máa kó kún pálọ̀ ẹni gbogbo.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré o. Èkíní ni ìjà abẹ́lẹ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ti lo ọdún méjì, tó ń retí fúríídọ́ọ̀mù, á máa wo ẹni tó dé lánàá tí oníbàárà ń pè ní "ákítẹ́ẹ̀tì". Ó máa dùn ún. Ọ̀gá tó gbọ́n á jẹ́ kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kọ́ ọmọ IT ní gígé aṣọ, kí ọmọ IT náà sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán ilé.

Èkejì ni logbook irọ́, pé kí ọmọ jókòó sílé, kí ọ̀gá máa fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ torí pé ó mọ àwọn òbí rẹ̀. Àánú kọ́ nìyẹn. Ọmọ ti sọ oṣù mẹ́fà nù, ọ̀gá pẹ̀lú kò rí nǹkan kan gbà.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn kan ni pé ọmọ á gba oníbàárà mọ́ àwọn lọ́wọ́ lọ. Ó lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ò sì ní kí ẹnikẹ́ni má gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Kí ọ̀rọ̀ iye owó wà lọ́wọ́ ọ̀gá, kí ìwọ̀n àti àwòrán wà lọ́wọ́ ọmọ.

Kí ọ̀gá tó fọwọ́ sí Form 8 ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, kó gba gbogbo àwòrán tí ọmọ náà yà sórí flash. Kó sì ní kó sọ wọ́n di PDF pẹ̀lú, torí bí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ò bá ní irú ètò tí ọmọ fi yà wọ́n, wọn ò ní ṣí lọ́jọ́ tí oníbàárà bá wá béèrè.