Kí Ọ̀bẹ Tó Kan Irin, Ẹ Jẹ́ Kí Kọ̀ǹpútà Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Ẹ wo inú ilé yín dáadáa. Ilẹ̀kùn fíríìjì, ìbòrí jẹnẹrétọ̀, àpótí bátìrì, ara kọ̀ǹpútà orí tábìlì: pẹlẹbẹ ni irin tí wọ́n fi ṣe wọ́n kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n lu ihò sí i, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Yíya àwòrán irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni èmi fi ń jẹun. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ mi ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tó dùn ún wò nínú àwòrán ni irin ń gbà.

Ọ̀rẹ́ mi kan kó owó àjọ rẹ̀ jọ, ó ní kí ilé iṣẹ́ kan bá òun ṣe ogójì àpótí bátìrì. Àwòrán náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n àwọn ihò bóòtù sún mọ́ ojú ìtẹ̀ jù. Nígbà tí wọ́n tẹ irin náà, àwọn ihò fà gùn bí ẹyin, bóòtù kò sì wọlé mọ́. Ọ̀bẹ gé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ ju ọ̀bẹ nù. Ohun tí ọ̀bẹ yóò ṣe ti ṣe tán.

Kí ló fà á? Bí a bá tẹ irin, ẹ̀yìn rẹ̀ a máa fà, inú rẹ̀ a sì máa sún kì. Ihò tó bá wà nítòsí yóò bá a fà. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ ṣe ń fi ìnípọn irin díwọ̀n ohun gbogbo. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú irin tó nípọn tó mìlímítà 2. Gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò, ìbú ihò rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní mìlímítà 2. Ó yẹ kí rédíọ́ọ̀sì igun inú ìtẹ̀ náà tó 2. Láti etí ihò dé ojú ìtẹ̀, a ó mú ìlọ́po 2.5 ìnípọn, a ó fi rédíọ́ọ̀sì kún un: mìlímítà 7 nìyẹn. Etí tí a ó tẹ̀ sókè náà yẹ kó tó ìlọ́po 4 ìnípọn, ìyẹn 8, kí ẹ̀rọ lè rí ibi dì í mú.

Iṣẹ́ yìí ni kọ̀ǹpútà ń bá wa ṣe báyìí. Yóò yẹ gbogbo ihò àti gbogbo ìtẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì tọ́ka sí èyí tó tàpá sí òṣùwọ̀n. SolidWorks ní irinṣẹ́ kan fún èyí, DFMXpress. FreeCAD, tí a kì í sanwó fún, ní àfikún kan, SheetMetal, tó lè tú iṣẹ́ tí a ti tẹ̀ padà sí pẹlẹbẹ kí a lè mọ bí irin tí a ó gé ṣe tóbi tó.

Èrò pé kí á ti orí àwòrán ro bí iṣẹ́ yóò ṣe rọrùn tó kì í ṣe tuntun. Geoffrey Boothroyd àti Peter Dewhurst sọ ọ́ di ìmọ̀ tó ní ìlànà, ìjọba Amẹ́ríkà sì fi àmì-ẹ̀yẹ National Medal of Technology dá wọn lọ́lá ní ọdún 1991.

Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà kò mọ irú ẹ̀rọ tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ fẹ́ lọ. Kò mọ̀ bóyá irin tí wọ́n pè ní mìlímítà 2 lọ́jà tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀gá tó ti ń tẹ irin láti ogún ọdún mọ bí irin ṣe máa ń padà sẹ́yìn díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́ tán. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi owó yín ṣe nǹkan onírin, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yẹ àwòrán yín wò. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ fún ọ̀gá, kí ẹ bi í léèrè ìwọ̀n ẹ̀rọ rẹ̀. Kí ẹ sì sanwó fún ẹyọ kan péré, kí ẹ rí i, kí ẹ de bóòtù rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ tó ní kí wọ́n ṣe ogójì.